Ọjọ́ tí n óò dáwọ́ dúró ni mo kọ́kọ́ mú

Kí n tó dín oúnjẹ kù rárá ni mo ti mú ọjọ́ tí n óò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ kì í mú ọjọ́ kankan. Wọ́n á máa febi pa ara wọn títí á fi sú wọn, tó bá wá di àsìkò ọdún, wọ́n á jẹ gbogbo rẹ̀ padà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kílò ọ̀rá ara kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Kílò 96 ni mo wọ̀n, 88 ni mo sì fẹ́ dé. Mo kọ́kọ́ ń kọ gbogbo ohun tí mò ń jẹ sílẹ̀ láìyí nǹkan kan padà, mo sì rí i pé nǹkan bí 2,500 kálórì lójúmọ́ ló ń mú ìwọ̀n mi dúró sójú kan. Mo ní kí n máa jẹ 2,000. Ẹni tó bá ń fi 500 dín lójúmọ́ á jò tó ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan, kílò mẹ́jọ á wá gbà ju oṣù mẹ́rin lọ díẹ̀. Èèyàn lè gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè yá, àmọ́ iṣan á máa bá ọ̀rá lọ. (Aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.)

Òróró ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú 500 yẹn. Ṣíbí ńlá kan tó 120 kálórì, ì báà jẹ́ òróró ẹ̀pà, ì báà jẹ́ epo pupa. Nílé wa, inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń da epo sí ìkòkò tààrà. Mo bẹ ìyàwó mi pé, "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, máa bá mi fi ṣíbí wọ̀n ọ́n." Ó wò mí. "Bàbá Ìbejì, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ jẹ ni àbí oògùn lẹ fẹ́ lò?" Ó wọ̀n ọ́n ṣá. Mo jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀bà kò kúrò nílẹ̀, àmọ́ mo ń wọn gààrí kí n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí 100 gíráàmù rẹ̀ tó 350 kálórì, ọwọ́ mi kì í sì í mọ níwọ̀n. Mo fi ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kún oúnjẹ mi, mo sì ń gbé irin, kí iṣan má bàa lọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò méjì ti lọ. Omi ni. Ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ máa ń di omi mú. Bó bá ti ń dín, omi á bá a lọ. N kò ka ọ̀sẹ̀ yẹn sí nǹkan kan. Àràárọ̀ ni mò ń gorí òṣùwọ̀n, àmọ́ ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan ni mò ń fi wé ti ọ̀sẹ̀ mìíràn, mo sì ń fi téèpù télọ̀ wọn ikùn mi.

Nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, otútù ń mú mi ju ti tẹ́lẹ̀, irin tí mò ń gbé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wúwo, mo sì ń fi òru wo fídíò àwọn tó ń dín àkàrà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn mú mi rántí ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, ṣe lórí ebi ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, 1944 sí 1945. Ọkùnrin 36 ló yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ 24, débi pé àwọn kan nínú wọn ń kó ìwé oúnjẹ sísè jọ. Tèmi kò le tó tiwọn, àmọ́ mo ti ya ọ̀sẹ̀ méjì sọ́tọ̀ fún ìsinmi láàárín, àsìkò rẹ̀ sì ti tó. Mo padà sí nǹkan bí 2,400. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà lọ́dún 2017 rí i pé àwọn ọkùnrin tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ méjì dín oúnjẹ kù, tí wọ́n sì ń fi méjì sinmi, jò ju àwọn tí kò sinmi lọ. Àwọn ìwádìí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò tìtorí kí n lè jò sí i sinmi. Kí n lè parí rẹ̀ ni.

Àsìkò ìsinmi yẹn náà ni mo lọ kí ìyá mi l'Ọ̀yọ́. "O mà rù o! Ṣé kò sówó ni?" Mo jẹ iyán wọn láìwọn nǹkan kan.

Apá kejì fà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara tó ti kéré kì í ná kálórì tó ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń dín oúnjẹ kù á sì máa jókòó jù láìmọ̀. N kò gé oúnjẹ sí i. Mo ń fẹsẹ̀ rìn ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí mo mú pé, mo ṣì wọn 89. Ìyàwó mi ní kí n kúkú fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un. Mo kọ̀. Mo fi oúnjẹ kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 2,300, kì í ṣe 2,500 àtijọ́, nítorí ara tó wọn 96 ló ń ná ìyẹn. Ìwọ̀n mi fò sókè díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi àti ṣúgà ló ń padà wọlé, lẹ́yìn náà ló dúró. Kílò kan tó kù, ó di lẹ́yìn Iléyá.