Bí A Ṣe Ń Dán Kátálíìsì Wò Bóyá Ó Lè Fara Da Ooru

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkòkò tí wọn kò tíì sun, bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi, ẹrẹ̀ ni yóò padà dà. Bí iná bá ti jẹ ẹ́ tán, kò lè yòrò mọ́, torí pé ooru ti mú kí hóró amọ̀ di ara wọn mú. Ohun tí amọ̀kòkò ń wá gan-an nìyẹn. Ohun tó ń pa kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí kẹ́míkà tètè yí padà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán, náà nìyẹn.

Kátálíìsì tí mo ń wí jẹ́ lúbúlúbú dúdú, àdàpọ̀ ọ́sáídì bàbà àti ti máńgáníìsì. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Bó bá kan lúbúlúbú yìí, á gba ọ́síjìn níbẹ̀, á di kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ọ́ ní hopcalite, látinú orúkọ Yunifásítì Johns Hopkins àti ti California.

Ojú ara rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ fi kílò kan èlùbọ́ wé kílò kan gbódó: ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n èwo ni omi máa tètè kan délé-délé? Bí ooru bá ti mú kí hóró lẹ̀ pọ̀, èlùbọ́ ti ń padà di gbódó nìyẹn. Ìdí nìyí tí n kì í fi í yin lúbúlúbú tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ po náítíréètì bàbà ìdá kan mọ́ ti máńgáníìsì ìdá méjì nínú omi tí a sè, tí a sì gba ooru rẹ̀ kó padà di omi mímọ́. Ẹ gbé e sórí iná ní 80°C, kí ẹ máa ro ó, kí ẹ sì máa kán omi sódíọ̀mù kábọ́nétì sí i títí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á fi lé díẹ̀ ní 8. Ẹ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá sílẹ̀, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, torí sódíọ̀mù tó bá ṣẹ́ kù máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ sá a sínú ààrò 110°C mọ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ sun ún ní 400°C fún wákàtí mẹ́rin.

Níbi sísun yìí ni ojú mi ti rí. Mo fi tèmi sínú iléru ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Adó, mo relé. Iná lọ lóru, ó dé, ó tún lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ iye wákàtí tó fi jẹ ooru, àbájáde rẹ̀ kò sì bá ìkankan dọ́gba. Ó dùn mí wọra, mo dà á nù. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ pín lúbúlúbú tí ẹ ṣe sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ mú mílígíráàmù 100 nínú ìdá kìíní, ẹ pò ó mọ́ yanrìn funfun tó mọ́, kí ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì tó ń gba iná. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ní 1% kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ kan lúbúlúbú náà fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ yìí ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ẹ má ṣe é láìsí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta àti aago ìkìlọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ máa fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n ibi tí ìdajì rẹ̀ ti yí padà sílẹ̀.

Ẹ wá sun ìdá kejì ní 500°C, ìkẹta ní 700°C, wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gba inú omi kọjá, torí èéfín ẹ́ńjìnnì kì í ṣaláìní ọ̀rinrin. Ẹ dán wọn wò bíi ti àkọ́kọ́. Ọ́sáídì bàbà ń yọ́ ní nǹkan bíi 1326°C, hóró rẹ̀ sì ti lè máa rìn láti nǹkan bíi 525°C. Sẹ́ríà, ìyẹn ọ́sáídì sẹ́ríọ̀mù, kì í yọ́ títí dé nǹkan bíi 2400°C. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń pò ó mọ́ síkóníà (ọ́sáídì síkóníọ̀mù) sínú ọ̀pá èéfín.

Ẹ kíyè sí ibí yìí, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ọkùnrin márùn-ún bá jọ gbé àpò iṣu kan tí ẹni méjì lè gbé láti oko dé Ọjà Ọba, tó sì rẹ mẹ́ta lọ́nà, àpò náà á ṣì dé. Ẹni tó dúró lọ́jà kò ní mọ̀ pé àárẹ̀ mú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kátálíìsì tó ń yí 100% padà ṣe lè pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ láìjẹ́ kó hàn. Nítorí náà, ẹ dín lúbúlúbú kù títí á fi máa yí bíi 40% péré padà, kí ẹ wá fi sílẹ̀ nínú ooru fún wákàtí 24, kí ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí.

Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ dá kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì dúró, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí i ní 200°C fún wákàtí méjì, kí ẹ tún un dán wò. Bó bá sọjí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rinrin ló dì í. Bí kò bá sọjí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé hóró rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀.