Ológbò Tó Fara Pa: Ẹ Gbé Panadol Kúrò Lọ́wọ́

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ni mo dé oko kan tí ọ̀kadà ti gbá ológbò tó ń ṣọ́ àká. Itan rẹ̀ kan ló kán. Ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó ń ké, ó sì ń mu omi. Àánú ṣe ìyá onílé, ó lọ ìdajì hóró Panadol, ó fi omi pò ó, ó dà á sí i lọ́fun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, erìgì ológbò náà ti dúdú bí kòkó tó gbẹ, ojú rẹ̀ wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kú kí wọ́n tó rí mọ́tò. Itan tó kán kọ́ ló pa á.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń bọ́ ológbò, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo ń rí nílé kan dé ìkejì ni ìwé yìí wà fún: oògùn ènìyàn tí à ń fún ológbò.

Kò sí ìwọ̀n Panadol tó bá ológbò mu. Hóró kan, miligíráàmù 500, pọ̀ ju ohun tó lè pa ológbò kílò 4 lọ. Ìdajì rẹ̀ lè pa á pẹ̀lú. Ẹ má gé e sí mẹ́rin, ẹ má sọ pé olómi tàwọn ọmọdé kò le. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú oògùn yìí palẹ̀ bíi tiwa. Ibuprofen àti diclofenac, oògùn ìrora ènìyàn mìíràn, náà léwu fún un, ẹ má fún un ní ìkankan nínú wọn.

Bí ẹ bá ti fún un, ẹ má dúró wo bóyá yóò ṣe é ní nǹkan. Ẹ gbé e lọ ní wákàtí yẹn gan-an, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání. Dókítà ẹran ní oògùn tó ń bá Panadol jà, ṣùgbọ́n bí àkókò bá ti lọ, agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ sọ iye tí ẹ fún un àti aago tí ẹ fún un. Ojú máa ń ti àwọn ènìyàn, wọ́n á ní àwọn ò fún un ní nǹkan kan. Irọ́ yẹn lè pa ológbò bí ọ̀kadà ṣe lè pa á.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà

Ẹ má fi Dettol, Izal tàbí kẹrosíìnì sí ọgbẹ́ rẹ̀. Ológbò á lá a, májèlé ni fún un. Ẹ se omi tó tó ọ̀rá pọ́ọ̀-wọ́tà kan (sẹ́ǹtílítà 50), ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì 1 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi fọ ọgbẹ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 láìṣí i wò.

Ẹ má fi ọparun dì egungun tó kán. Ẹ fi pátákó tàbí tíréè gbé e, kí ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ ti dá lu. Àpò kò dára fún un. Ẹ ka èémí rẹ̀: 20 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan ni ti ológbò tó sinmi. Bó bá ju 40 lọ, tàbí tó la ẹnu mí, tàbí tí erìgì rẹ̀ funfun, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ológbò tí mọ́tò gbá lè máa rìn síbẹ̀ kí àyà rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú.

Ìrora lè mú kí ó bù yín jẹ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀: Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn nítorí dìgbòlugi. Ẹ má pa ológbò náà.

Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè iye tí yóò ná yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín láìfi bò. Dókítà lè ní kí a gé ẹsẹ̀ náà dípò kí a tò ó, owó gígé rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti títò. Ẹ má bẹ̀rù. Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń pa eku. Bí dókítà bá sì ní ológbò náà kò lè yè, ẹ gbà kó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi kú láìjẹ̀rora. Ìkà ni kí a gbé e sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó máa jẹ̀rora títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Nígbà tó bá délé

Ẹ há a mọ́ ibi kékeré, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 kí egungun tó mú. Ẹ má jẹ́ kó lá ojú rírán, tí wọ́n sábà máa ń tú ní ọjọ́ 10 sí 14. Ológbò kílò 4 nílò omi bíi mílílítà 200 lójúmọ́, omi inú oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní ẹja ṣàwá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn rẹ̀ á mú kó fẹnu kàn án. Ẹ máa wo iyẹ̀pẹ̀ tó ń tọ̀ sí: wákàtí 24 láìtọ̀, ẹ gbé e padà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí kò jẹun, ẹ gbé e padà pẹ̀lú.