Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wo sinimá aláìlóhùn, ẹ yé fowó ṣòfò

Ó ti sú mi o. Ẹnì kan á wá bá mi pé òun gbìyànjú ẹ̀, pé kò yé òun, pé ńṣe làwọn èèyàn ń sáré gìdìgìdì kiri, oorun sì gbé òun lọ. Tí mo bá ní kó fi ohun tó wò hàn mí, ẹ̀dà jákujàku ló máa yọ síta, owó gidi ló sì fi rà á. Ó máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ ńlá làwọn tó ṣe sinimá yẹn ṣe. Àwọn àṣìṣe tẹ́ ẹ máa ń ṣe rèé:

1. Rírà páálí DVD tí wọ́n rọ́ sinimá rẹpẹtẹ sí. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo sinimá tó jáde ṣáájú 1929 ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright), ẹnikẹ́ni ló lè kó o sórí àwo kó máa tà á, kódà kí ojú òṣèré má hàn níbẹ̀ rárá. Púpọ̀ nínú wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Ẹ tọ́jú owó yín.

2. Fífi The Birth of a Nation (1915) bẹ̀rẹ̀ torí pé ìwé kan pọ́n ọn lé. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta, Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ló ń yìn, aláwọ̀ dúdú ló sì ń tàbùkù. Within Our Gates tí Oscar Micheaux, aláwọ̀ dúdú, ṣe ní 1920 wà ńlẹ̀. Ó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí ẹ̀dà kan ní Sípéènì.

3. Wíwò ó lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe é. Ojú ni òṣèré fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

4. Eré àsápajúdé. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, ẹnì kan á yí i débi àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹlòmíì 18, ẹlòmíì 22, ó tiẹ̀ lè yàtọ̀ láàárín sinimá kan ṣoṣo. Ìgbà tí ohùn dé ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n wá so ó mọ́ 24, torí ohùn ò gbà kó máa yára kó tún máa falẹ̀. Ẹni tí ò fẹ́ ṣe wàhálà á wá gbé èyí tí wọ́n yà ní 16, á tẹ̀ ẹ́ ní 24, ohun tó yẹ kó gba wákàtí kan á parí ní 40 ìṣẹ́jú. Ìyá tó ń sunkún ọmọ ẹ̀ á wá máa gbọ̀n yẹ́kẹ́yẹ́kẹ́ bí ẹni tí wọ́n da yèrèpè sí lára. Ẹ̀yin á wá ní àwọn ará àtijọ́ ò mọ eré ṣe! Lóòótọ́, àwọn aláwàdà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà jẹ́jẹ́ kí eré lè yá, àmọ́ níbi tó yẹ ni. Kẹ́ ẹ tó tẹ play, ẹ wo gígùn ẹ̀. Tó bá fi bí 20 ìṣẹ́jú kúrú ju èyí tí àwọn ilé ìpamọ́ sinimá tún ṣe lọ, yálà wọ́n gé e ni o tàbí wọ́n ń sáré tẹ̀ ẹ́, ẹ sá fún un.

Àwọ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń rẹ fíìmù láró nígbà yẹn, búlúù fún òru. Nínú Nosferatu (Jámánì, 1922), ọ̀sán gangan ni wọ́n ya ibi tó jẹ́ òru, búlúù yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi kan wo ẹ̀dà tí wọ́n ti bọ́ àwọ̀ ẹ̀ kúrò, ó rí Orlok, òkú amùjẹ̀ inú sinimá náà, tó gbé pósí ẹ̀ la ìgboro kọjá nínú oòrùn, ó wá ń bi mí pé ṣebí oòrùn náà ló pa á níkẹyìn. Mi ò rí i bá wí, ẹni tó ta àwo yẹn fún un ni mo fẹ́ rí.

Ẹ má sì pa ohùn ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń lu ohun èlò orin máa ń wà ní gbọ̀ngán, ní Japan pàápàá, benshi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú sinimá, á máa sọ ìtàn náà fáwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ dùùrù kan náà níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó, ẹ wá ẹ̀dà míì.

Metropolis (1927) náà, èyí tó jáde ní 2010 ni kẹ́ ẹ wò, wọ́n ti fi apá tó ti sọnù tí wọ́n wá rí ní Buenos Aires, ní Ajẹntínà, ní 2008 kún un.

Sherlock Jr. (1924) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí 45 ìṣẹ́jú ni. Buster Keaton ń yí sinimá fáwọn èèyàn, ó sùn lọ, ó sì rìn wọnú sinimá náà lójú àlá. Tẹ́ ẹ bá débi tí omi ti ya lé e lórí láti inú táǹkì rélùwéè, ẹ mọ̀ pé eegun ọrùn ẹ̀ fọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ni dókítà tó sọ fún un. Tó bá parí tẹ́ ẹ ṣì ń fẹ́ sí i, The General (1926) ló kàn.