Ẹ fa èèmọ́ tu kó tó gbẹ
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ etí ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ yín wò kí ẹ tó kúrò lórí koríko tí èèmọ́ wà. Èèmọ́ kì í fò. Ara ohun tó bá ń kọjá ló ń lẹ̀ mọ́: irun ajá, àtẹ́lẹ̀ bàtà, táyà ẹ̀rọ ìgékoríko. Bí ẹ bá hú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ ó rí èèpo ẹlẹ́gùn-ún náà nídìí gbòǹgbò rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó ṣì tutù ni kí ẹ fà á tu tegbòtegbò. Tó bá ti gbẹ, ẹ má fi ẹ̀rọ gé e, ńṣe ló máa fọ́n ọn káàkiri. Ẹ wọ́ àpò ìdọ̀họ kọjá lórí ilẹ̀, á gbé èyí tó ti jábọ́. Inú ọ̀rá ni kí ẹ dì í sí, kì í ṣe orí ààtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀.