Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Òṣì àti Àìlera Nínú Ìdàgbàsókè Orílẹ̀-Èdè

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí orílẹ̀-èdè kan tí kò rí jájẹ fi ń rìn bí ìgbín kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí ń wọlé fún ìjọba. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé àìsàn kan ṣoṣo wọ inú ilé kan ṣoṣo, kí ó sì máa kọ gbogbo ohun tí àìsàn náà bá gbà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ibà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá dá ọmọdé dùbúlẹ̀, ẹ kọ owó àyẹ̀wò, owó oògùn àti owó ọkọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀, nítorí pé ìyá tí ó jókòó tì í kò lè lọ síbi iṣẹ́, ọmọ náà kò sì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ibi tí owó náà ti wá. Bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, tàbí tí wọ́n yá owó èlé, a jẹ́ pé ara ọmọ ti yá, ṣùgbọ́n gbèsè àìsàn kò tíì kúrò nílé. Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Nínú ọ̀kan lára àwọn òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lò, ìnáwó ìlera tí ó bá kọjá 10% gbogbo ohun tí ìdílé ń ná ti di àjálù.

Láti inú ilé, ẹ bọ́ sí orí ìṣúná. Ẹ wá ìdá tí àwọn aláìsàn ń san láti àpò ara wọn nínú gbogbo owó ìlera. Bí ó bá ju ti ìjọba àti ti adójútòfò lọ, ẹ ti rí ọ̀nà tí òṣì ń gbà wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ó kéré tán, 15% ìṣúná ọdọọdún ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Bí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń wádìí bá wà ní Áfíríkà, ẹ fi iye tí wọ́n ná ní tòótọ́ wé ìlérí yìí, kì í ṣe iye tí wọ́n kà jáde nìkan.

Ẹ wo gíga àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún pẹ̀lú, nítorí pé àìjẹunrekánú ìgbà ọmọdé, tí kì í jẹ́ kí ọmọ ga tó bí ó ti yẹ, máa ń dín agbára ìkẹ́kọ̀ọ́ àti agbára iṣẹ́ kù.

Ẹ wá ẹ̀rí ibi tí ìlera ti ṣí ọ̀nà ọrọ̀ sílẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ènìyàn ti sá fi ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò sílẹ̀ nítorí àrùn tí ń fọ́ni lójú, èyí tí kòkòrò kan tí ń yé sínú odò tí ń sáré ṣàn máa ń kó ràn wọ́n. Láti 1974 sí 2002 ni wọ́n fi oògùn apakòkòrò, tí wọ́n sì fi ivermectin, oògùn tí àwọn ènìyàn ń gbé mì, kún un nígbà tí ó yá, gbógun ti àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè 11, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà ilẹ̀ fi tún ṣeé gbé, tí ó sì tún ṣeé dáko sí. Irú ẹ̀rí báyìí ni kí ẹ gbé síwájú òṣìṣẹ́ ìṣúná tí ó bá ń ka owó ìlera sí owó àfiṣòfò.

Bí ẹ bá ń kọ ìjábọ̀ yín, ẹ ya ìgbèríko sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú ńlá, torí pé ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè lè bo àwọn tí ìyà ń jẹ jù lọ mọ́lẹ̀.