Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi Ní Iṣẹ́ Awalẹ̀pìtàn

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni mo sì bá ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn yìí, ìyẹn wíwa ilẹ̀ láti fi mọ ìtàn àtijọ́. Gbogbo wọn ló ti rí orí idẹ Ifẹ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé wọn pé ibi tí a ti bá nǹkan nínú ilẹ̀, àti ohun tó yí i ká níbẹ̀, níye lórí tó nǹkan náà fúnra rẹ̀.

A kò gbẹ́ ilẹ̀ gidi rárá. Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a bá sì ti wà kò ṣeé dá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan àwọn àpótí pákó fífẹ̀ fún mi, mo sì to ilẹ̀ sínú wọn ní ìpele-ìpele. Erùpẹ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lórí rẹ̀ ni mo to àpáàdì sí lóòró, tí wọ́n fún mọ́ra wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ń tò ó sí ojúde wọn, èyí tí ìtàn ẹnu fi ń yin Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Yanrìn tí mo po mọ́ eérú, èédú àti èèpo ẹkùrọ́ ló tẹ̀ lé e, ilẹ̀ dúdú sì ló bo gbogbo rẹ̀. Ìkòkò tuntun ni mo rà lọ́jà tí mo fọ́ fún iṣẹ́ náà, nítorí n kò fẹ́ kí ọmọ kankan rò pé òun lè ṣa àpáàdì àtijọ́ tí òjò bá hú jáde létí ọ̀nà.

A fi okùn pín ojú àpótí sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba tirẹ̀. Ṣíbí àti búrọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ wọn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun kúrò nípò rẹ̀ kí wọ́n tó fi rúlà wọn ibi tó wà, kí wọ́n sì yà á sínú ìwé. Ó ṣòro fún wọn gan-an. Nígbà tí ọmọbìnrin kan rí ẹnu ìkòkò tó sì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fà á yọ, mo sọ ìtàn agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí fún wọn, níbi tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ti kan orí idẹ lọ́dún 1938, láìsí awalẹ̀pìtàn kankan nítòsí tí yóò kọ bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń fi àwọn orí náà ṣe. Ọmọ náà mú rúlà rẹ̀.

Asẹ́ ni a fi ku erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde, inú rẹ̀ sì ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí mo fi pamọ́ ti hàn. Mo sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá rí ní Igbó Olókun nílùú wa, àti pé àyẹ̀wò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti ṣe gíláàsì náà.

Ibi tí inú mi ti dùn jù ni ti ìdérí ìgò kan tí mo rì mọ́ ìsàlẹ̀, sábẹ́ àpáàdì. Ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ pé àwọn ará àtijọ́ ló ni ín, nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ ló pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ kejì tún àwòrán wọn wò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ dúdú yí ìdérí náà ká, àti pé àpáàdì já lójú ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ló gbẹ́ ihò láti òkè, tí ìdérí náà sì bá erùpẹ̀ òkè wọlẹ̀. N kò dá wọn lẹ́jọ́. Mo ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì gbé àwòrán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló sì fọwọ́ ara wọn pa ohun tí wọ́n ti kọ rẹ́.