Bí Mo Ṣe Yanjú Ọ̀rọ̀ «Être» àti «Avoir» Nínú Ìtàn Tí Mo Fi Faransé Kọ

Iṣẹ́ tí mo yàn fún ara mi ni pé kí n kọ ìtàn ìrìn-àjò kan ní ojú ìwé méjì lédè Faransé, kí n sì fúnra mi tún un ṣe títí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan kò fi ní ṣìnà mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ Faransé, òun náà ni mo sì fi ń ronú nígbà tí mo mú kálàmù, nítorí náà «j'ai allé» ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́ fún «mo lọ». Ó yẹ kó jẹ́ «je suis allée», pẹ̀lú «e» ní ìparí nítorí pé obìnrin ni mí.

Ìbéèrè tó ń dààmú ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyí: bí a bá ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni a ó fi «être» (jẹ́ tàbí wà) ṣáájú, èwo ni a ó fi «avoir» (ní) ṣáájú? Wọ́n ti sọ fún mi rí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá jẹ mọ́ ìrìn ni ó ń gba «être». Mo fi òfin yìí tún ìtàn mi kọ, àṣìṣe tuntun ni ó sì bí, nítorí pé «courir» àti «marcher», tí wọ́n jẹ́ eré sísá àti ẹsẹ̀ rírìn gan-an, «avoir» ni wọ́n ń gbà, nígbà tí «rester», tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn dúró síbi tó wà, ń gba «être». Mo pa òfin náà tì, mo sì kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí: aller, venir, arriver, partir, entrer, sortir, monter, descendre, naître, mourir, rester, tomber, pẹ̀lú àwọn mìíràn bíi revenir àti devenir. Wọn kò pọ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi dáadáa ni «sortir». «Je suis sortie» ni mo jáde, ṣùgbọ́n «j'ai sorti la valise» ni mo gbé àpótí jáde. Bákan náà, «je suis montée» ni mo gòkè, «j'ai monté l'escalier» sì ni mo gun àtẹ̀gùn. Yorùbá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ láti ilẹ̀, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní àbọ̀. Bí ó bá ní i, mo mú «avoir».

Àbọ̀ yìí kan náà ni ó tún ń pinnu bí a ó ṣe kọ òpin ọ̀rọ̀ lẹ́yìn «avoir»: «j'ai sorti la valise» kò ní àfikún, ṣùgbọ́n nínú «la valise que j'ai sortie» àbọ̀ ti ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì jẹ́ abo, nítorí náà a fi «e» kún un. Etí kò lè gbọ́ ọ, ojú nìkan ló ń rí i.

Ní ti «imparfait», ìyẹn bí Faransé ṣe ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà àtijọ́, Yorùbá ràn mí lọ́wọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. «Je lisais quand il est entré» ni mo ń kàwé nígbà tí ó wọlé. «Chaque soir, je lisais» ni alaalẹ́ ni mo máa ń kàwé. Síbẹ̀ ìrànlọ́wọ́ náà ní ibi tí ó mọ, nítorí pé «j'étais fatiguée» kò ju ó rẹ̀ mí lọ, láìsí «ń» kankan tí yóò ta mí lólobó.

Nígbà tí mo kà á kẹ́yìn, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo «être». Àṣìṣe kan ṣoṣo ló kù, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tí a jọ rìn: «elle s'est lavée les mains», ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ní «se» bí èyí ń gba «être» bó tilẹ̀ ní àbọ̀. Ọwọ́ ni àbọ̀, ẹ̀yìn ló sì wà, nítorí náà mo pa «e» kejì rẹ́, ó di «lavé».